Bí Gbólúwaga Ṣe Fi Òróró Yan Irin

Ọjọ́ tí wọ́n fún Alàgbà Gbólúwaga ní akoto funfun, kò ṣí i lórí, kódà nígbà tó dé ilé. Ó dé e wọ bọ́ọ̀sì, ó dé e wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra búrẹ́dì, ó sì dé e jókòó ti oúnjẹ alẹ́ nílé wọn ní Huntstown, ní Dublin, títí Morẹ́nikẹ́ ìyàwó rẹ̀ fi bi í bóyá ó gbọ́ pé àjà ilé fẹ́ já. Kò dá a lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ lásán ló ń dé akoto yẹ́lò, ti máníjà nìkan ló funfun, ẹni tó bá sì ti di máníjà kì í dáhùn gbogbo ìbéèrè.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe òdodo sí ọkùnrin náà. Kó tó kúrò nílé, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni ní Ṣakí, àwọn ọmọ a sì máa dìde bó bá wọ kíláàsì. Nígbà tó dé Dublin pẹ̀lú àwọn tó wá tọrọ ààbò ní nǹkan bí ọdún 2000, wọ́n kó o mọ́ àwọn ọkùnrin mìíràn sínú yàrá kan, nọ́ńbà ilẹ̀kùn ni wọ́n sì fi ń pè é. Lẹ́yìn ìyẹn ó fọ ilẹ̀ ọsibítù, ó wa takisí, ó ru ẹran nínú yàrá yìnyín. Ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tó dìde fún un mọ́, àfi nínú ìjọ, níbi tí wọ́n ti fi í jẹ alàgbà. Ebi ọ̀wọ̀ ń pa á gidigidi. Ẹni tí ebi bá sì ti pa pẹ́, bó bá rí oúnjẹ, kì í mọ ìwọ̀n.

Oúnjẹ náà dé nígbà tí Fergal, tó ni ilé iṣẹ́ irin kan nítòsí Tyrrelstown, ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó ibi tí wọ́n ń kó irin sí. Gbólúwaga ti ń wa fọ́kúlífítì, ọkọ̀ tí ń gbé ẹrù, níbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà, Fergal sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún un ní ipò náà, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn kan sí i. Àwọn onínṣọ́ránsì ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń to irin. Bí ohun tí wọ́n rí bá tẹ́ wọn lọ́rùn, Gbólúwaga di máníjà gidi. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kó dá akoto padà. Gbólúwaga gbọ́ apá kìíní, ó sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ènìyàn yọ̀, wọ́n fò sókè. Apá kejì kò dé etí ìjọ.

Irin tí à ń wí yìí, ọ̀pá irin roboto ni. Òmíràn ki tó itan àgbàlagbà, ó sì gùn ju yàrá lọ. Irin pẹlẹbẹ, ibi tí o bá gbé e sí ni wàá ti bá a. Irin roboto kò ní irú sùúrù yẹn, ibi tí yóò yí gbà ló máa ń wá. Ìdí nìyẹn tí bàbá Fergal fi ro ràákì kúkúrú kan sẹ́yìn ilé iṣẹ́, tó ní òpó lọ́tùn-ún lósì. Àwọn irin tó wúwo jù wà nísàlẹ̀, igi sì há wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n má baà rìn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọ̀kan, wọ́n á fi bẹ́líìtì alágbára wé e níbi méjì, kireeni á gbé e díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Láràárọ̀ Fergal á ní kí wọ́n ṣọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fara pa. Kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún wọn rí, èyí tó ya máníjà tuntun lẹ́nu.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pa ọ̀rọ̀ ìka ẹsẹ̀ rẹ́, ó fi ọ̀rọ̀ ìṣítí òwúrọ̀ rọ́pò rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sílà. Ó yan Nathaniel, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Balbriggan, gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nìyẹn: ẹni tó ń wàásù á sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ á sì dúró tì í, á máa fi Yorùbá gbè é. Ṣùgbọ́n nínú ilé iṣẹ́ yìí, àwọn mẹ́ta péré ló gbọ́ Yorùbá: Gbólúwaga tó ń sọ̀rọ̀, Nathaniel tó ń túmọ̀, àti Bánjọ tó ń darí kireeni. Ará Ireland àti ará Poland ni àwọn yòókù. Bánjọ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ túmọ̀ sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn méjèèjì lọ.

"Good morning, distinguished colleagues!" ni Gbólúwaga á wí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn ńlá! Máníjà wa, àjànàkú tí í mi igbó kìjikìji, ló ń kí yín."

"I stand before you in all humility."

"Wọ́n ní àwọn dúró. Ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe dúró?"

"Steel is a serious matter!"

"Irin kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà! Ẹni tí Ọlọ́run bá wá fi irin lé lọ́wọ́, ṣé ojú lásán la ó fi máa wò ó?"

Gbólúwaga gbọ́ gbogbo ohun tí Nathaniel ń fi kún un, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Àwọn ará Poland kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn lóòró. Bánjọ ń ṣe àmín sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé bí àmín bá yá, ọ̀rọ̀ a máa yá tán. Ìgbà tí ìṣítí fi máa parí, omi tí wọ́n gbé kaná fún tíì ti hó.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìbẹ̀wò àwọn onínṣọ́ránsì, Fergal lọ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun ní Cork. Mọ́tò rẹ̀ kò tíì yà tán lójú ọ̀nà tí Gbólúwaga fi pàṣẹ pé kí wọ́n kó irin kúrò lẹ́yìn ilé.

"Ta ló ń kó dúkìá pamọ́ sẹ́yìn?" ó bèèrè. "Bí àlejò bá wọlé, kí ló máa kọ́kọ́ rí? Ìgbálẹ̀! Ẹ kó irin wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ tò ó lé ara, kó fẹ̀ nísàlẹ̀, kó ṣóńṣó lókè, kí àlejò gbójú sókè kó tó rí òpin rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, òpó ràákì ń kọ́?" ni Bánjọ wí.

"Òpó á bo ẹwà rẹ̀."

"Kí la ó wá fi dá a dúró?"

"Ìgbọràn."

"Háà! Ọ̀rọ̀ ńlá!" ni Nathaniel kígbe. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó wà ní ilé ìjọba kò lè sọ irú ẹ̀."

Bánjọ fi igi ńláńlá há ẹsẹ̀ irin ìsàlẹ̀. Gbólúwaga wò ó, ó ní ṣé igi ìdáná ni wọ́n fẹ́ fi kí àlejò káàbọ̀. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n wá kéékèèké tí kò ní hàn síta.

Ẹ lè ní kí ló dé tí Bánjọ kò fi kọ̀ jálẹ̀. Ẹ gbọ́ ná. Gbólúwaga ló bá a wá iṣẹ́ yìí. Òun ló dúró bíi bàbá fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, alàgbà sì ni nínú ìjọ. Ọmọ Yorùbá wo ló máa wojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń ṣe? Ó kàn ní ó dáa, sà, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé kó má baà kọjá níwájú irin. Ọ̀wọ̀ dára, mo gbà, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀pọ̀ nínú wa.

Bí wọ́n ṣe to irin tán, ohun kan ló kù lójú Gbólúwaga. Kò sí ohun tuntun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń ní tí wọn kì í yà sí mímọ́: mọ́tò, ilé, ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ǹjẹ́ irin tí wọ́n fẹ́ fi dán orí rẹ̀ wò ni yóò wá gbẹ láìrí òróró? Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù inú kíṣìnì, ó sì ń kó ìgò òróró ólífì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dad, that's the good one," ni Tèmi ọmọ rẹ̀ obìnrin wí láti orí àga, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Dublin tó ń pe kọ́bọ́ọ̀dù ní press. "Leave some in the press, will you?"

"Irin la fẹ́ fi òróró yà sí mímọ́."

"Bars, like? The round yokes, the things that roll?" Ẹnu Tèmi là. "They were grand where they were!"

"Bàbá Tèmi," ni Morẹ́nikẹ́ wí, "bí òróró bá kán sí mi lọ́wọ́ báyìí, n kì í lè di ìdérí ìkòkò mú. Irin wo lẹ tún fẹ́ fi òróró pa?"

"Ìyá Tèmi, ìkòkò nìyẹn. Ohun tẹ̀mí ni tèmi yìí."

"Ẹ̀kán díẹ̀ tó fún ohun tẹ̀mí. Kí lẹ fẹ́ fi ìgò tó báyìí ṣe?"

"Ṣé ìbùkún díẹ̀ lo fẹ́ fún ọkọ rẹ ni?"

Inú ọgbà ilé iṣẹ́ kan náà ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà, ilé ìkẹ́rù ni tẹ́lẹ̀. Pásítọ̀ ní òun ní ìsọjí ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó bẹ Gbólúwaga pé kó dúró di ọjọ́ mìíràn. Gbólúwaga ní kò séwu, òun náà ní ẹnu. Ó ṣí ilé iṣẹ́, Nathaniel gbé ìgò tẹ̀ lé e, Bánjọ náà wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu ilẹ̀kùn ló fi ẹ̀yìn tì.

"Ìwọ irin yìí!" ni Gbólúwaga ké, ó sì ń da òróró. "O ò ní yẹ̀!"

"Àmín!"

"O ò ní yí!"

"Àmín, ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún dà á, ẹ tún dà á!"

Ọ̀pá tó wà lókè mu òróró títí ó fi ń kán sí ìkejì, ìkejì ń kán sí ìkẹta. Ó fi pa ìkọ́ kireeni. Ó fi pa bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń gbé irin, gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn àti iwájú, nítorí ó ní ohun tó bá ń gbé ẹrù ló nílò agbára jù. Ó fi èyí tó kù nídìí ìgò pa akoto rẹ̀, akoto sì ń dán yinrin. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jọ̀ọ́. Ó dúró síwájú òkìtì irin náà lábẹ́ iná, ó rí i bó ti ń tàn, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ìyà ti parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Fergal dé lọ́jọ́ Ajé, ó mú àlejò wá. Obìnrin kan ni àwọn onínṣọ́ránsì rán, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó wọ bàtà líle, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ràn ayẹyẹ. Kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n bá nílẹ̀, àti àga tí wọ́n fi aṣọ bò, àti tábìlì tí ṣínṣín àti ohun mímu málíìtì wà lórí rẹ̀. Fergal wo ẹnu ọ̀nà, ó rí irin rẹ̀ tó ga bí òrùlé abà níbi tí kò ti yẹ kó rí i, ẹ̀jẹ̀ sì lọ kúrò lójú rẹ̀. Ó la ẹnu. Ṣùgbọ́n Gbólúwaga ti gun pèpéle onígi tó kàn fúnra rẹ̀.

"Protocol having been duly observed!"

"Gbogbo ẹni tó yẹ ká kí la ti kí!" ni Nathaniel wí, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì kí ẹnì kankan.

Obìnrin náà bèèrè ẹni tí ọkùnrin kejì ń túmọ̀ fún. Gbólúwaga ní fún iyì ni. Ó sọ̀rọ̀ nípa irin láti ìgbà Nóà. Ó sọ nípa ìlú Ṣakí. Ó dé orí ara rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Fergal ń gbé ọwọ́ sókè kó dá a dúró, Gbólúwaga rò pé ó ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ òun, ó gbé ohùn sókè sí i. Nígbà tó yá, obìnrin náà kò fetí sílẹ̀ mọ́, ó rọra yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì irin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo igi tí wọ́n fi há a.

"And now, a demonstration! Bánjọ, gbé èyí tó ṣe adé sókè!"

Bánjọ fọwọ́ kan bẹ́líìtì, ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń yọ̀."

"Gbé e sókè!"

Bánjọ wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni, nítorí irin ti bo obìnrin náà mọ́ ọn lójú. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀pá irin náà dìde díẹ̀, ó dúró bí ẹni ń ronú, ó wá yọ nínú bẹ́líìtì bí ọṣẹ ṣe ń yọ lọ́wọ́ ọmọdé, orí rẹ̀ kan sì gbá òkìtì. Òkìtì mì. Igi kékeré kan fò jáde.

Orí pèpéle nìkan ni èèyàn ti lè rí i, Gbólúwaga sì rí i. Ó rí irin ìsàlẹ̀ tó ń rìn, ó rí ẹ̀yìn obìnrin náà tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ láti Ṣakí wá sá kúrò lẹ́nu rẹ̀, ìyókù kò ju ẹyọ kan lọ.

"Ẹ sáááá!"

Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀. Ará Ireland gbọ́ ọ, ará Poland gbọ́ ọ, obìnrin onínṣọ́ránsì fò sẹ́yìn bí ìgalà. Nathaniel ògbufọ̀ ló ṣáájú gbogbo wọn dé títì. Irin wá ya bo ilẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó mi gbogbo ọgbà. Àwọn ọ̀pá náà wó àga, wọ́n fọ́ tábìlì, wọ́n yí lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí àwọn ìjòyè tó ń jáde ní ìpàdé. Akoto funfun ti bọ́ nígbà tí ẹni tó ni ín ń fò sílẹ̀, ọ̀pá kan gorí rẹ̀, ó sì di àwo pẹrẹsẹ. Wọ́n ka ara wọn, kò sí ẹni tó fara pa.

Obìnrin náà fi ìka kan irin, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó bèèrè pé ṣé òróró sàláàdì kọ́ nìyí.

Fergal bèèrè ẹni tó da òróró sí irin òun.

"Máníjà ni o," ni Nathaniel wí láti ìta, lójú fèrèsé. "I told him. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra."

Gbólúwaga wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìṣubú lọ. Ìtìjú bò ó, ó bò ó débi pé ó ń wá ibi tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí. Ó lè parọ́, ó sì mọ irọ́ tó lè pa. "Èmi ni," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì, kò fi nǹkan kan kún un.

Bí ipò máníjà ṣe lọ nìyẹn. Obìnrin náà ní kò sí ìnṣọ́ránsì fún ilé iṣẹ́ yìí àfi kí irin padà sí ràákì bàbá Fergal, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n jó bẹ́líìtì wọ̀nyẹn níná kí wọ́n ra tuntun. Ó tún ní nígbàkígbà tí kireeni bá ń gbé irin, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò dúró níbi tó ti ń rí ohun gbogbo, tí yóò máa fi ọwọ́ júwe fún awakọ̀ kireeni. Ọwọ́ nìkan. Onítọ̀hún kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ariwo ibẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n ṣì í gbọ́.

Fergal bá Gbólúwaga wí títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní kó lọ palẹ̀ àpótí tó ń kó aṣọ iṣẹ́ sí mọ́, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, wá yíjú padà, ó ní ẹni tó pariwo yẹn ni òun fẹ́ kó máa júwe, nítorí nínú gbogbo wọn onítọ̀hún nìkan ló rí òun. Fergal wo Bánjọ. Bánjọ yọ akoto yẹ́lò rẹ̀, ó họ orí.

"Boss, give him the job," ó ní. "As long as the man no go talk."

Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi nu irin, Gbólúwaga sì nù ún pẹ̀lú wọn, ọṣẹ dé ìgúnpá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ń kí i ní máníjà, ó ní rárá, ó ti bọ́. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì jókòó. Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ àga, kò sọ nǹkan kan nípa ìgò òróró.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọ̀pá àkọ́kọ́ padà, Gbólúwaga dúró síbi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn fún un. Ẹnu ń yún un. Ó ku díẹ̀ kó kí àwọn èèyàn pàtàkì, ó gbé e mì. Bánjọ di rìmóòtù kireeni mú, ó tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ Gbólúwaga, kò sì ṣẹ́jú. Àwọn yòókù náà ń wo ọwọ́ yẹn. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, kò sí ẹni tó wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbé ọwọ́ sókè, irin dìde. Ó júwe sápá òsì, irin lọ sápá òsì. Ó rọ ọwọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irin wọ àárín òpó méjèèjì, ó jókòó, wọ́n sì há a lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú igi ńlá. Gbólúwaga gbé àyà síwájú, ó rọra wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń dúró de àtẹ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bánjọ pè é, "ó ku òmíràn."